Gbogbo sáì-fáì tí mo fẹ́ràn jù, ọ̀rọ̀ àkókò ni

Ọkùnrin kan jókòó síwájú sìkíríìnì nínú ọkọ̀ ojú sánmà, ó tẹ bọ́tìnnì, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin yọ síbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni. Nínú fídíò tó tẹ̀lé e, ó ti gbé ọmọ tuntun dání, ó ní kí bàbá òun wo ọmọ ọmọ ẹ̀. Nínú òmíì, ọmọ tuntun yẹn ti kú, bàbá àgbà tó ṣẹ́kù sílé náà ti kú, ọmọkùnrin yẹn fúnra ẹ̀ ti di géńdé tí ayé ti hàn lójú ẹ̀, ó ní òun ò rò pé bàbá òun ń gbọ́ òun mọ́, òun fẹ́ gbàgbé ẹ̀ kó máa lọ. Ìjókòó kan náà ni bàbá fi wo gbogbo ẹ̀, omijé ń dà lójú ẹ̀ pòròpòrò. Ìgbà tó yá ni ọmọ ẹ̀ obìnrin náà wá yọ, èyí tó ti ń bínú sí i látọjọ́ tó ti lọ, ó ní ọjọ́ ìbí òun nìyí, òun ti pé iye ọdún tí bàbá òun jẹ́ nígbà tó fi àwọn sílẹ̀. Bàbá yẹn ò ṣe jù wákàtí díẹ̀ lórí pílánẹ́ẹ̀tì kan lọ. Kó tó padà dénú ọkọ̀ ẹ̀, ọdún 23 ti lọ nílé.

Interstellar nìyẹn, fíìmù tí Christopher Nolan ṣe lọ́dún 2014, Matthew McConaughey ló ṣe bàbá yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, èmi àtẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ wò ó, a gbé láptọ́ọ̀pù sáàárín wa lórí bẹ́ẹ̀dì, ohun tó sì gbà mí lọ́kàn nígbà yẹn ni ìgbì omi tó ga bí òkè tó ń bọ̀ wá bo àwọn èèyàn yẹn mọ́lẹ̀, mo pariwo, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀. Ìgbà kejì, èmi nìkan ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti kó lọ sí orílẹ̀-èdè míì tó jìnnà gan-an, wọ́n ti bímọ níbẹ̀, ojú fóònù ni mo sì ti mọ ọmọ yẹn, ojú fóònù ló ti jókòó, ibẹ̀ náà ló ti rákòrò, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ mi. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá yẹn ti ń wo fídíò, mi ò lè wò ó lọ, mo dá a dúró, mo jókòó sínú òkùnkùn fún ìgbà díẹ̀. Ìgbì omi yẹn ò jẹ́ nǹkan kan lójú mi mọ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí mò ń wá nínú sáì-fáì, ìyẹn ìtàn àròsọ tí wọ́n gbé ka sáyẹ́ǹsì. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo lo fẹ́ràn jù, bóyá fíìmù ni o, bóyá ìwé ni, bóyá eré orí tẹlifíṣàn, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí ìbọn tó ń yọ iná tàbí róbọ́ọ̀tì tàbí ogun láàárín ìràwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti wo púpọ̀ nínú ẹ̀ mo sì gbádùn ẹ̀. Èyí tó máa ń bá mi sùn tó máa ń bá mi jí ni ìtàn tó bá fi hàn bí àkókò ṣe ń gba èèyàn lọ́wọ́ èèyàn. Mo máa sọ bí púpọ̀ nínú wọn ṣe parí o, ẹni tó bá fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí i kó lọ wò ó kó tó ka ìyókù.

Ohun tó jẹ́ kí Interstellar wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ ni pé ìpìlẹ̀ ẹ̀ kì í ṣe irọ́. Wákàtí kan lórí pílánẹ́ẹ̀tì olómi yẹn jẹ́ ọdún 7 láyé. Mo ṣírò ẹ̀: ìṣẹ́jú kan níbẹ̀ lé ní ogójì ọjọ́ nílé, kéèyàn tó ka ení èjì, ilẹ̀ ti ṣú, ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀. Kip Thorne, onímọ̀ físíìsì tó wà lára àwọn tó gba Nobel lọ́dún 2017, ló bá wọn mójú tó sáyẹ́ǹsì inú fíìmù yẹn, ó sì ṣàlàyé pé kírú ẹ̀ tó lè ṣẹlẹ̀, àfi kí pílánẹ́ẹ̀tì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan black hole (ohun kan lójú sánmà tí òòfà ẹ̀ le débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò lè jáde nínú ẹ̀) ńlá tó ń pòòyì pẹ̀lú eré tó burú. Einstein ti gbé ìdí ẹ̀ kalẹ̀ láti 1915: ibi tí òòfà bá ti le, àkókò á máa falẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe pé aago bàjẹ́, àkókò gan-an ló ń falẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú ara àti bí irun ṣe ń funfun, gbogbo ẹ̀ ló ń falẹ̀ pọ̀. Lọ́dún 1971, sáyẹ́ńtíìsì méjì, Hafele àti Keating, gbé aago átọ́míìkì, irú aago tó péye gan-an, wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n fi yí ayé ká, nígbà tí wọ́n dé, aago tó lọ àjò àti èyí tó jókòó sílé ò bára mu mọ́. Àwọn sátẹ́láìtì GPS tí fóònù wa fi ń mọ ibi tá a wà náà, aago wọn máa ń fi nǹkan bíi máíkróṣẹ́kọ́ǹdù 38 (ìdá kan nínú mílíọ̀nù sẹ́kọ́ǹdù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan) yá ju tilẹ̀ lọ lójoojúmọ́, àfi kí wọ́n máa ṣàtúnṣe sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ máàpù á máa darí èèyàn síbi tí ò fẹ́ lọ. Nítorí náà tí mo bá rí bàbá kan nínú fíìmù tó lọ tó bọ̀ tó bá ọmọ ẹ̀ ní ojúgbà ẹ̀, ohun tó wà láyé ni wọ́n kàn fẹ̀ lójú.

Ìwé tó ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú, tó sì ṣe é dé góńgó, ni The Forever War tí Joe Haldeman kọ lọ́dún 1974. Haldeman ti ja ogun Vietnam, ó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀, téèyàn bá sì ń ka ìwé yẹn á mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ti padà wálé rí, tílé ò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ọmọ ogun kan wà nínú ìwé náà, Mandella, wọ́n mú un lọ bá àwọn ẹ̀dá àjèjì jà níbi tó jìnnà débi pé eré ọkọ̀ wọn ń sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀, irú eré bẹ́ẹ̀ náà sì máa ń mú kí àkókò falẹ̀, oṣù díẹ̀ lára tiẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún nílé. Ó dé, ìyá ẹ̀ ti darúgbó, owó táwọn èèyàn ń ná ti yàtọ̀, ìṣe wọn ti yàtọ̀, kò síbi tó lè fìdí lé. Ó padà síbi ogun, torí ogun nìkan ló kù tó mọ̀. Kógun yẹn tó parí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, Mandella ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n wá sọ fún un pé àìgbọ́ra-ẹni-yé ló dá gbogbo ìjà náà sílẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n máa ra ìwé yẹn fún èèyàn ni ojú ìwé tó kẹ́yìn ẹ̀. Mandella ní obìnrin kan tó fẹ́ràn, Marygay, ọmọ ogun bíi tiẹ̀, ìgbà tí wọ́n pín wọn sí ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn méjèèjì mọ̀ pé ó tán nìyẹn, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á ti kú kéjì ẹ̀ tó dé. Ogun parí, wọ́n fún un ní lẹ́tà kan tó ti pẹ́ ju igba ọdún lọ. Marygay ló kọ ọ́. Òun àtàwọn míì ti ra ọkọ̀ ojú sánmà kan, wọ́n ń fi í sáré lọ sáré bọ̀, ọdún mẹ́wàá táyé bá lò, oṣù kan péré ló ń kún ọjọ́ orí ẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó ná. Èèyàn ń sáré kó lè dúró de ẹnìkan. Mi ò tíì rí ìtàn ìfẹ́ míì, nínú sáì-fáì tàbí níta ẹ̀, tó fi ohun tó burú jù nínú ìtàn náà tún ayé àwọn olólùfẹ́ ṣe báyẹn.

Tó bá wá kan tẹlifíṣàn, ẹ̀písóòdù kan ló wà níwájú gbogbo ẹ̀ fún mi: The Inner Light, nínú Star Trek: The Next Generation, 1992. Ó gba Hugo, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún iṣẹ́ sáì-fáì, lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ọ̀gá ọkọ̀, Picard, tí Patrick Stewart ṣe, dákú níbi iṣẹ́ ẹ̀ torí nǹkan kékeré kan tó ń léfòó lójú sánmà ta ìmọ́lẹ̀ sí i lórí. Ó jí sínú ilé kan tí ò mọ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń pè é ní Kamin, tó ní òun ni ìyàwó ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń bá wọn jiyàn, ó ń wá ọ̀nà àtipadà sọ́kọ̀ ẹ̀, nígbà tó yá ó rẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ibẹ̀, ó bí ọmọ méjì, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè, ìyàwó ẹ̀ kú, ọmọ ọmọ dé, oòrùn ìlú yẹn ń gbóná sí i, ọ̀dá dá wọn lóró, gbogbo wọn sì mọ̀ pé pílánẹ́ẹ̀tì náà ń kú lọ. (Ọmọ tí Patrick Stewart bí gan-an, Daniel, ló ṣe ọmọ ẹ̀ ọkùnrin níbẹ̀, mo máa ń wo ojú àwọn méjèèjì tí wọ́n bá jọ wà lójú kan.) Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni nígbà tí wọ́n sọ òótọ́ fún un: ìlú yìí ti parun láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú sánmà ni pé kí ẹnìkan ṣáà rántí àwọn. Ó lajú, ó bá ara ẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́kọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú 25 lọ.

Ibi tó pa mí nínú ẹ̀ ni òpin. Wọ́n tú nǹkan tó ta ìmọ́lẹ̀ yẹn, wọ́n bá àpótí kékeré kan nínú ẹ̀, wọ́n gbé e wá fún un. Ó ṣí i. Fèrè yẹn ló wà níbẹ̀. Ó gbé e mọ́ àyà ẹ̀ bí ìgbà téèyàn gbé ọmọ, ó rìn lọ sójú fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn orin tó kọ́ ní ìlú tí ò sí mọ́, ìka ẹ̀ mọ̀nà. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́, wọ́n jẹ́ kó máa fọn ọ́n títí eré fi parí. Èmi rò pé ohun tó dáa jù tí tẹlifíṣàn ti ṣe nìyẹn, mi ò sì rí ẹni tó máa yí mi lọ́kàn padà.

Àwọn àgbà ní ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. H. G. Wells náà rí i bẹ́ẹ̀ nínú The Time Machine, 1895, ìwé tó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbéni rin inú ọdún. Ọkùnrin yẹn lọ dé ọdún 802,701, ó bá aráyé tí wọ́n ti pín sí méjì, àwọn kan ń ṣeré lókè, àwọn tó kù ń fi wọ́n ṣe oúnjẹ nísàlẹ̀. Àwọn olùkọ́ máa ń sọ̀rọ̀ lórí olówó àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá dé ibẹ̀, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n èmi, òdòdó funfun méjì tó bá a padà wálé nínú àpò ẹ̀ ni mo máa ń rántí. Ọmọbìnrin tó ki í sápò fún un ò tíì dáyé, àìmọye ọdún ló kù kí wọ́n bí i, òdòdó ẹ̀ ti rọ sórí tábìlì. Fíìmù Back to the Future dùn, mo lè wò ó lónìí kí n tún wò ó lọ́la, kò ṣe mí ní nǹkan kan jùyẹn lọ. Ẹ̀písóòdù tí wọ́n máa ń yìn jù nínú eré tẹlifíṣàn The Twilight Zone, ti ọkùnrin tó fẹ́ràn ìwé tí bọ́ǹbù pa gbogbo ayé tó ku òun nìkan pẹ̀lú láíbìrì, tí awò ojú ẹ̀ wá fọ́, èmi ò gba tiẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ìwé lásán ló fẹ́ kà, kí ló dé tí wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà báyẹn?

Ìwé kan wà tí mi ò lè kà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Kindred ni, tí Octavia Butler kọ lọ́dún 1979. Butler fúnra ẹ̀ sọ pé sáì-fáì kọ́, torí kò sí sáyẹ́ǹsì nínú ẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kankan, mo gbọ́, síbẹ̀ mo kà á mọ́ tèmi. Dana, obìnrin dúdú kan tó ń gbé California lọ́dún 1976, ń to ìwé sórí pákó nínú ilé tuntun òun àtọkọ ẹ̀, òòyì kọ́ ọ, ó bá ara ẹ̀ létí odò kan ní Maryland, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń ta dúdú lẹ́rú. Ọmọdékùnrin òyìnbó kan ń rì sómi. Ó yọ ọ́. Rufus lorúkọ ọmọ náà, baba ńlá ẹ̀ ni, gbogbo ìgbà tí ikú bá sì ti fẹ́ mú Rufus ni wọ́n máa ń fà á padà lọ síbẹ̀. Wákàtí díẹ̀ lọ́dọ̀ tiẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ Rufus, bí Dana ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ló ń rí i tí ọmọ tóun gbà sílẹ̀ ń di olówó ẹrú, díẹ̀díẹ̀, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá dé ó ti burú ju ti tẹ́lẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kú, torí wọn ò tíì bí ẹni tó máa bí ẹni tó máa bí òun. Nígbà tó padà wálé kẹ́yìn, apá ẹ̀ òsì há sínú ògiri ilé ara ẹ̀, ibi tí Rufus ti dì í mú gan-an ló ti gé. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni Butler ti sọ ọ̀rọ̀ apá yẹn, èèyàn mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ìgbà tó o bá débẹ̀, ọwọ́ ara ẹ lo máa fi kan apá ẹ.

Òjò ló so àwọn méjì kan pọ̀ lọ́kàn mi. Àkọ́kọ́ ni Blink, ẹ̀písóòdù Doctor Who tó jáde lọ́dún 2007, Steven Moffat ló kọ ọ́. Àwọn ère áńgẹ́lì wà níbẹ̀ tí wọn kì í mira téèyàn bá ń wò wọ́n, tó o bá ṣẹ́jú báyìí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ ẹ. Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rù wọn. Èmi ò bẹ̀rù wọn tó bí mo ṣe bẹ̀rù ohun tí wọ́n ń ṣe féèyàn: wọn kì í dá ẹ lóró, wọ́n á kàn jù ẹ́ sínú ọdún àtijọ́, kó o gbé ibẹ̀, kó o darúgbó síbẹ̀. Ọlọ́pàá kan wà, Billy, ọ̀dọ́ arẹwà, ó rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sally lọ́jọ́ òjò, ọ̀rọ̀ wọn wọ̀, ó gba nọ́ńbà ẹ̀. Kò pẹ́ táwọn áńgẹ́lì fi mú un, ó bá ara ẹ̀ lọ́dún 1969. Lọ́jọ́ yẹn kan náà fóònù Sally dún. Ó sáré lọ sí ọsibítù, ó bá bàbá arúgbó kan lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Billy ni. Ó ti fi nǹkan bí ogójì ọdún dúró de ọjọ́ yìí. Ó ní òun máa wà láyé títí òjò yìí á fi dá. Sally jókòó tì í, wọ́n ń wo òjò, fún Sally òjò tó ń rọ̀ láàárọ̀ yìí kan náà ni.

Èkejì ni Blade Runner tí Ridley Scott ṣe lọ́dún 1982. Ó tinú ìwé Philip K. Dick tó jáde ní 1968 wá, Dick sì kú ní oṣù díẹ̀ kí fíìmù náà tó jáde. Àwọn èèyàn máa ń rántí ìlú inú ẹ̀, iná aláràbarà, òjò, ọkọ̀ tó ń fò, Los Angeles ti ọdún 2019. Ohun tí mo rántí ni pé ọdún 4 péré ni wọ́n fún àwọn ẹ̀dá àtọwọ́dá yẹn láti lò láyé, wọ́n mọ̀, ọ̀kan nínú wọn, Roy, sì wá ẹni tó ṣe é lọ síbi tó ń gbé láti bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ sí i. Ẹni yẹn ní kò ṣeé ṣe. Lórí òrùlé, nínú òjò, Roy fa ọkùnrin tó wá pa á sókè kó má bàa já bọ́, ó jókòó tì í, ó ń ka àwọn ohun tójú ẹ̀ ti rí fún un, ó ní gbogbo ẹ̀ máa lọ bí omijé nínú òjò, ó sì kú. Rutger Hauer, ẹni tó ṣe Roy, ló gé ọ̀rọ̀ yẹn kúrú tó sì fi gbólóhùn omijé yẹn kún un fúnra ẹ̀. Ọdún mẹ́rin. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, ó dà bí ohun tó kéré jù láyé. Ọdún mẹ́rin náà ni mi ò fi fojú kan ẹ̀gbọ́n mi báyìí.

Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ Dark, síríìsì àwọn ará Jámánì, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ó parí ní 2020. Ẹ mú bírò àti ìwé tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, torí ọdún 33 sí ọdún 33 ni wọ́n ń fò, ìyá lè di ọmọ ọmọ ẹ̀. Bàbá kan níbẹ̀ wọ inú ihò àpáta lọ wá ọmọ ẹ̀ tó sọnù, ó ṣìnà ọdún, wọ́n tì í mọ́lé. Kó tó fojú kan ọmọ yẹn, irun òun ti funfun, ọmọ ṣì jẹ́ ọmọ.

Ìtàn tí èmi àtẹ̀gbọ́n mi ò tíì jà tán ni Story of Your Life tí Ted Chiang kọ lọ́dún 1998, òun ni Denis Villeneuve fi ṣe Arrival ní 2016. Àwọn àjèjì dé sáyé, wọ́n pe Louise, onímọ̀ èdè, kó wá kọ́ èdè wọn. Bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé rí roboto, kò níbẹ̀rẹ̀, kò lópin, torí wọ́n ti mọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ sọ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bí Louise ṣe ń gbọ́ èdè yẹn ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ohun tí ò tíì ṣẹlẹ̀: ọmọbìnrin tó máa bí, àti bó ṣe máa sin ín. Ó sì bí i. Mo ka ìtàn yẹn, mò ń rò ó ní Yorùbá, torí ọ̀rọ̀ ìṣe tiwa kì í pààrọ̀ ara ẹ̀, "rìn" ni "rìn" lánàá, òun náà ni lọ́la, "ti" kékeré tàbí "á" kékeré tó bá ṣáájú ẹ̀ ló ń sọ ibi tó wà. Ìyá yẹn sì ń bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ pé "mo rántí ọjọ́ tí wàá kọ́kọ́ rìn". Tó o bá sọ gbólóhùn yẹn jáde lẹ́nu, wàá rí i pé ahọ́n ẹ ò kọ̀ ọ́.

Nínú fíìmù, àìsàn ló pa ọmọ náà. Nínú ìwé, ó já bọ́ níbi tó ti ń gun àpáta, ó ti pé ọmọ ọdún 25. Tìwé ló wọ̀ mí jù, torí àìsàn kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè sọ fọ́mọ ẹ̀ pé kó má lọ gun àpáta lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kì í ṣe tọmọ ló ń dun àwọn, tọkọ ni. Wọ́n ní Louise jẹ ọkọ ẹ̀ ní gbèsè, ó yẹ kó sọ fún un kí wọ́n tó bí i, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọkọ yẹn ti fẹ́ràn ọmọ náà dé egungun. Mo ní tó bá sọ ọ́, ọmọ yẹn ò ní wá. Wọ́n ní "àbúrò, ìwọ ò tíì bímọ." Mo dákẹ́.

Oṣù tó kọjá la jọ wo La Jetée. Chris Marker ló ṣe é ní Faransé lọ́dún 1962, ìṣẹ́jú 28 péré, fọ́tò tó dúró sójú kan ni gbogbo ẹ̀, fọ́tò kan tẹ̀lé òmíì, ohùn ọkùnrin kan ń sọ ìtàn bọ́ sórí ẹ̀: ogun ti ba ayé jẹ́, wọ́n ń rán ẹlẹ́wọ̀n kan padà sáyé àtijọ́ torí pé ojú obìnrin kan tó rí nígbà kékeré ò kúrò lọ́kàn ẹ̀. Ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, òru ni lọ́dọ̀ mi. A fi fóònù sílẹ̀ kó máa dún, a kà á pọ̀, ení, èjì, ẹ̀ta, a jọ tẹ̀ ẹ́. Kò bọ́ sí i tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fa ohùn wọn sẹ́yìn.

Ibì kan wà láàárín fíìmù yẹn tí obìnrin náà ti ń sùn. Fọ́tò orí ẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Fọ́tò míì, orí ẹ̀ yí díẹ̀. Òmíì. Ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n ń pariwo. Obìnrin náà lajú. Kì í ṣe fọ́tò mọ́, ojú ẹ̀ ló ṣí, ó ṣẹ́ ẹ, ó wò wá, ibẹ̀ nìkan ni nǹkan ti mira nínú gbogbo fíìmù náà. Èémí mi dúró. Mi ò sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ fóònù. Ó tó bíi sẹ́kọ́ǹdù méjì kí "háà!" ẹ̀gbọ́n mi tó dé.